Ta Ló Ní Ọlọ́run Gbàgbé?

Ẹ má wulẹ̀ retí Ìjàpá nínú èyí o. Kò sí ẹranko kankan tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ ka àwọn àna obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí mọ́ ẹranko, èmi ò sì ní bá yín jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti tán, àdúgbò ti wá òmíràn sọ, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀. Tí mo bá ti rántí ẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnìkan bu ata sí mi nímú.

Ògiri kan péré ló wà láàárín yàrá mi àti ilé búrẹ́dì. Ògiri yẹn kì í tutù. Tí òtútù bá mú, màá fi ẹ̀yìn tì í, màá sì máa gbọ́ ohun tó ń lọ lódì kejì bí ẹni tó jókòó láàárín wọn. Tọkọtaya kan ló ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀. Ìyàwó ló ń po ìyẹ̀fun, òun ló ń gé e, òun ló ń kó o sínú páànù. Ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ààrò. Ọkọ ló ni iná, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Bàbá Oníná. Bó ṣe wà láàárín wọn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn: ọkọ kì í ti ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun, aya kì í dá sí ọ̀rọ̀ iná. Bàbá Oníná á kàn na imú sókè báyìí, á ní, "Ó tó," á fi igi gígùn ẹ̀ fa páànù jáde, búrẹ́dì á sì pọ́n bí awọ ọmọ tuntun.

Ìyàwó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo inú ààrò yìí, ó pẹ́ tó ti ń wù mí."

Ọkọ á ní, "Lọ wo ojú ìyẹ̀fun ẹ. Ó jọ ẹ́."

Obìnrin yìí, ọpẹ́ ni iṣẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe ọpẹ́ àwọn tó ń dijú, tí wọ́n ń mi orí o. Ọpẹ́ tiẹ̀, ìjà ni. Láràárọ̀, tó bá ṣí aṣọ lórí ìyẹ̀fun tó pò sílẹ̀, tó rí i pé ó ti wú kún ọpọ́n, á pàtẹ́wọ́, á pariwo tí ògiri mi á fi gbọ́: "Ẹ wá wò ó! Èmi sùn, ọkọ mi sùn. Ta ló wà níbí tó ń ṣiṣẹ́?"

Oníbàárà kan dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, yíìsì ni."

"Ta ló kọ́ yíìsì níṣẹ́?"

"Háà, èmi ò mọ̀ o."

"O ò mọ̀! Ò ń jẹ ẹ́, o ò mọ̀. Gba búrẹ́dì ẹ, kí o kí Ẹni tó ṣe é kí o tó bù ú jẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ko ẹni tó bá ń bú òjò lójú: "Òjò tí ẹ ń bú yìí, ṣé itọ́ yín lẹ fẹ́ kí n fi po ìyẹ̀fun?" Onítọ̀hún á rẹ́rìn-ín, á sì dúpẹ́ tipátipá, torí búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Obìnrin yìí ò fẹ́ kí ọlọ́ṣà kankan gba ẹnu ọ̀nà òun jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí páànù já lulẹ̀ gbàlà lódì kejì ògiri, ohun kan tó wúwo sì tẹ̀ lé e. Kí n tó débẹ̀, Bàbá Oníná ti wà nílẹ̀ níwájú ààrò, igi gígùn ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é ní ilé ìwòsàn. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ wálé, létí mi ni dókítà ṣe sọ fún ìyàwó pé, "Ohùn yẹn lè padà, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá fúnra wọn ló máa jà á gbà. Ẹni tó bá kọjú sí ògiri, a ò lè bá a jà á."

Ògiri gan-an ni Bàbá Oníná kọjú sí. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ààrò, níbi tí ara á ti máa móoru. Tí oúnjẹ bá dé, á di eyín pọ̀. Tí a bá kí i, á dijú. Ìyàwó wá gba iṣẹ́ iná mọ́ tiẹ̀. Ó ra aago kékeré kan tó ń dún gbin-rin-in, òun ló fi ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti jinná, nítorí látijọ́, imú ọkọ ẹ̀ ni aago ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àwọn abẹniwò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Wọ́n á wọlé, wọ́n á fi aṣọ nu ojú tí kò sunkún, wọ́n á máa wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ń wo ilé tó jó. Wọ́n á wá mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run á rántí yín o, Bàbá."

Ẹ̀yin náà mọ àdúrà yẹn. Gbogbo wa là ń gbà á. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu bí ẹ káàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá kan nínú ìjọ wọn gbà á, tó tún un gbà, tó fẹ́ tún un gbà sí i, ìyàwó ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀.

"Ẹ dákun, Màmá, ta ló sọ fún yín pé Ó gbàgbé?"

"Ọmọ mi, àdúrà ni mò ń gbà."

"Mo gbọ́. Ẹ ní kí Ó rántí. Ẹni tó bá gbàgbé là ń rán létí. Ta ló fi èémí sí ọkọ mi nímú láàárọ̀ yìí? Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Bí a ṣe ń gbà á náà nìyẹn..."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ! Ṣé ẹni tó gbàgbé ló ń fẹ́ atẹ́gùn yẹn sí i?"

Ìyá yẹn kó báàgì ẹ̀ nílẹ̀, ó ń ráhùn lọ pé ìbànújẹ́ ti yí obìnrin náà lórí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti sọ ọ́ ní Màmá Kò-Gbàgbé. Wọ́n fi ń bú u ni. Èmi fi ń yìn ín, torí èmi ni mo wà lẹ́yìn ògiri, èmi ni mo mọ ohun tí etí mi ń gbọ́.

"Ó gbé e mì! Olúwa, ó gbé tíì mì, kò dà á sáyà!" Màá gbọ́ àtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, á ké sí èmi ìyá arúgbó ẹ̀yìn ògiri: "Màmá! Màmá o! Ẹ sáré wá, ẹ wá wo ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Mo sáré débẹ̀ bí egungun mi ṣe mọ. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ihò òkété. A ṣọ́ ọ títí ọrùn fi ń dùn mí. Ọmọńdinrín náà ta pọ́n-ún.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ta ló mì ín?"

"Ṣé èmi lò ń bi ni?"

"Màmá, ẹ dáhùn!"

"Ọlọ́run ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa padà lọ sinmi."

Ọjọ́ kan wà tí kò jẹ́ kí n pa eṣinṣin. Ó ní ojú ọkọ òun ń bá a rìn láti igun yàrá dé igun yàrá, pé iṣẹ́ Ọlọ́run ló wá jẹ́, kí n fi í sílẹ̀ kó jẹ́ ẹ tán.

Wàyí o, Bàbá Oníná ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ là ń pè é, torí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kankan kó má kọ́kọ́ ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ó tún ní àbúrò ọkùnrin kan, awakọ̀ ni, tó máa ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n yìí kiri bí korobá ṣe ń tẹ̀ lé okùn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, àwọn méjèèjì ò tíì gbé ife omi kan sí ọkùnrin náà lẹ́nu. Ọjọ́ tí wọ́n máa wá, ó wá jẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó ń jó nínú yàrá, tí ìyẹ̀fun kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́.

"Gbogbo yín, ẹ dákẹ́!" Èmi àti ìyàwó nìkan la wà níbẹ̀. "Ìyàwó, kí lò ń jó fún?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Àbúrò yín ló fi ọwọ́ ọ̀tún ti ṣíbí kúrò lẹ́nu. Ọwọ́ tí wọ́n ní ó ti kú! Inú bí i, ó tì í!"

"Àbúrò mi wà nílẹ̀ bí igi, ìwọ ń jó."

"Mò ń dúpẹ́ ni, ọkọ mi."

"Ẹni tí nǹkan bọ́ sí lọ́wọ́ ló ń dúpẹ́. Kí ló bọ́ sí ìwọ lọ́wọ́? Ilé búrẹ́dì?"

Ẹ gbọ́ ọ! Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Lójú tiwọn, aya tí ọkọ ẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ lẹ́rán, kó tú irun ká, kó máa ké. Tó bá dúpẹ́, a jẹ́ pé ó mọ̀ nípa àìsàn náà nìyẹn. Ẹni tó ń fọ ìdọ̀tí, tó ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún kí ara ẹ̀ má baà bó, òun ni wọ́n ń wò bí olè! Bàtà mi ti kúrò lẹ́sẹ̀ mi kí n tó mọ̀.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹkún ló ń fún aláìsàn ní tíì mu? Ọjọ́ wo lo gbé ṣíbí sí i lẹ́nu rí?"

"Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ẹ̀yin kì í ṣe ẹbí."

Òótọ́ ni. Ará ẹ̀yìn ògiri ni mí. Ṣùgbọ́n ará ẹ̀yìn ògiri ti gbọ́ ohun tí ẹbí ò dúró gbọ́.

Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ dájọ́ lórí ìdúró níbẹ̀. Tó bá di Sátidé, wọ́n á wá gbé àbúrò òun lọ sílé òun. Yàrá kan wà lẹ́yìn, kò sí ariwo níbẹ̀, á sinmi. Mo mọ yàrá náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ojú fèrèsé ẹ̀, ara ògiri ìta ló ń wò. Kò sí ooru, kò sí òórùn búrẹ́dì, kò sí ẹni tó máa pariwo lé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ lórí. Ẹni tó ti kọjú sí ògiri, tí a tún wá lọ fi ògiri yí ká, ṣé yíyè la fẹ́ kó yè?

Ìyàwó dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ má gbé e kúrò nídìí iná ẹ̀."

"Tí òun fúnra ẹ̀ bá lanu sọ pé òun ò lọ, a ó fi í sílẹ̀ fún ẹ."

Ẹ wo ìkà! Bí ìgbà tí a ní kí arọ sáré wá gba oúnjẹ ni. Awakọ̀ yẹn ń wo ilẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé náà, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Kò sí àtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní. Ẹ sọ̀rọ̀."

Kò fọhùn.

"Ẹ sọ ohunkóhun. Ẹ ní 'rárá'. Ṣé ẹ ó lọ kú sáàárín àga tó kán ni?"

Ohùn ìyàwó wá yí padà. N ò gbọ́ ọ kó bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó dáa. Ẹ̀yin náà ti bá wọn gbà pé Ó gbàgbé yín. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí Ó jí láàárọ̀, ẹ̀yin tí Ó la ọ̀nà ọ̀fun fún kí tíì lè kọjá, tí Ó mi ọmọńdinrín yín níṣojú èmi àti Màmá! Kí lẹ tún fẹ́ kí Ó ṣe? Ṣé kí Ó wá kan ilẹ̀kùn ni? Ó ti wà nínú yàrá yìí látàárọ̀, ẹ kẹ̀yìn sí I!"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́: "Ṣé ẹkún nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n rí i. Olúwa, O ṣé, ó sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, Bàbá. Ẹ lajú yín."

Èmi náà nu ojú lódì tèmi.

Sátidé dé. Wọn ò jẹ́ kó tó àkókò tí wọ́n dá. Búrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ààrò ni ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ bọ́ sílẹ̀ tòun ti ìrọ̀rí lábẹ́ apá. Ìyàwó sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré náà, ó na apá méjèèjì, ó dí i.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ẹ ò ní kọjá."

"Ṣé ò ń lé mi nílé àbúrò mi ni?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Tí kì í bá ṣe ọ̀wọ̀, ọpọ́n ìyẹ̀fun lẹ ò bá máa bá sọ̀rọ̀ báyìí."

"O gbọ́ ọ?" Ó yíjú sí awakọ̀. "O gbọ́ ohun tó sọ sí mi? Gbé e kúrò lọ́nà!"

Awakọ̀ ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣáà jẹ́ ká..."

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án," lèmi wí, tòun ti ọ̀pá mi lókè, "á ṣàlàyé fún ọ̀pá yìí!"

Ni ariwo bá sọ. Ẹ̀gbọ́n ń ké pé ká dákẹ́, òun gan-an ló sì ń pariwo jù. Mo ń ka ìwà wọn sí wọn létí, ìyàwó ń fi ọ̀wọ̀ bú wọn, awakọ̀ ń bẹ gbogbo wa. Aago dún gbin-rin-in tì. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ohùn kan ló jáde láti ẹ̀yìn ìyàwó. Ó nípọn, ó ń wọ́ bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń... jó."

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́.

"Búrẹ́... búrẹ́dì ń jó! Ta ló wà... nídìí iná?"

Èéfín ti ń yọ lókè ìlẹ̀kùn ààrò lóòótọ́. Awakọ̀ fò síbẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán mú irin, ó ké, ó fi etí aṣọ ẹ̀ ṣí i, ó wá gbé igi gígùn, ó fi ìdí ẹ̀ ṣíwájú. Mo wo yàrá. Bàbá Oníná ti kẹ̀yìn sí ògiri. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ òsì gbé ara ẹ̀ sókè, ojú ẹ̀ pọ́n, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ìbínú ló ti kún un tó bẹ́ẹ̀.

"Yí i! Yí igi! Ọ̀... ọ̀dẹ̀!"

Ìyàwó ò lọ sídìí ààrò. Orí ilẹ̀ ló wà. "Olúwa, O ṣé! Ó bínú! Ẹ gbọ́ ọ, ó bú wọn! Bàbá, ẹ bú èmi náà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi!"

"Ìwọ... kí lò ń wò?" ni ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ń ba... iná mi jẹ́."

Iná mi. Ó ní iná mi.

Búrẹ́dì jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ ti jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun láìmọ̀, ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ ti funfun. Awakọ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Òun ló lajú bi í, ohùn ẹ̀ kéré: "Bọ̀dá, ọkọ̀ wà níta. Ṣé... ṣé ẹ máa bá wa lọ?"

Bàbá Oníná wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ẹja á bá wọn lọ gun igi.

"Ta ló máa ṣọ́... iná?"

Ẹjọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó gbọ́wọ́ láyà. "Háà. Ọlọ́run ti rán..."

Ìyàwó gbójú sókè nílẹ̀.

Mo rí i bí Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ ṣe gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì. Ó lọ gan-an lọ́nà ọ̀fun ẹ̀. Ìyàwó wá dìde, ó mú èyí tó dúdú jù nínú búrẹ́dì náà, ó fi bébà wé e, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ọkọ mi. Tí ẹ bá tún fẹ́ sọ pé Ó gbàgbé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn èyí."

Ẹ ó ní kí ló tún ń bí mi nínú nígbà tó ti dáa. Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ ò tíì bẹ obìnrin náà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń sọ kiri ni pé àwọn ló gbé àdúrà wọ ilé, tí ohùn àbúrò òun fi là! Wọ́n gbé àdúrà wọlé! Ìrọ̀rí ni mo rí lábẹ́ apá ẹ̀.

Bàbá Oníná ń jókòó sórí àga nídìí ààrò báyìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wọ́lẹ̀. Òun ni imú, ìyàwó ni ọwọ́: ọkọ á ní, "Ó... tó," ìyàwó á fa páànù jáde, á tún gbọ́ èébú tí kò bá fà á dáadáa, á sì dúpẹ́ èébú náà. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ṣí aṣọ lórí ìyẹ̀fun, ohùn ọkọ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ó ń fà á: "Ta ló wà níbí... tó ń ṣiṣẹ́?"

Tí ẹ bá rò pé mo fi àbùmọ́ sí i, ẹ lọ wo òkè ìlẹ̀kùn ààrò yẹn. Èéfín ọjọ́ náà ṣì dúdú níbẹ̀, ìyàwó kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Èmi ní tèmi, tí ògiri bá ti gbóná sí mi lẹ́yìn láàárọ̀, màá ní, O ṣé. N kì í ní kí Ó rántí mi mọ́.